Ọmọ Méjì ní Èbúté Àgbádárìgì

Kò sí ẹni tó jókòó nínú kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò tíì gbọ́ orúkọ Àgbádárìgì rí. Olùkọ́ á béèrè pé níbo ni wọ́n kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ sí ní Nàìjíríà, gbogbo ọmọ á sì fi ohùn kan dáhùn pé, "Badagry!" Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń parí sí. Bí a bá dàgbà díẹ̀ sí i, a ó fi ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ẹrú kún un. Àwọn oníṣòwò á fi ti ibodè Sẹ́mẹ̀ kún un, ó tán. Ṣùgbọ́n ìlú yìí ju ìdáhùn ìdánwò lọ o. A fẹ́ kí ẹ bá wa rìn létí omi rẹ̀ lónìí, kí a jọ tẹ̀lé ìtàn ọmọ méjì tí wọ́n kó lẹ́rú ní kékeré, tí àwọn méjèèjì sì padà wá gbé ní ìlú kan náà. Ọ̀kan di olówò ẹrú. Ìkejì di bíṣọ́ọ̀bù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ilẹ̀ ṣe rí, torí pé láìsí omi, kò sí Àgbádárìgì. Etí ọ̀sà ni ìlú náà wà. Bí ẹ bá dúró ní Marina, tí ẹ kọjú sí gúúsù, ọ̀sà ló wà níwájú yín, ó tẹ́jú, ó dákẹ́. Ní òdìkejì rẹ̀ ni ilẹ̀ oníyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí igi àgbọn kún, ẹ̀yìn àgbọn yẹn ni òkun ńlá wà tó ń ké. Òkun yẹn kò ṣeé bá ṣeré. Ìgbì rẹ̀ le débi pé ọkọ̀ àwọn Òyìnbó kì í lè sún mọ́ etíkun, ọ̀ọ́kán ni wọ́n máa ń dúró sí, tí àwọn ọlọ́kọ̀ kéékèèké á sì máa la ìgbì kọjá láti kó ẹrù lọ, láti kó ẹrù bọ̀. Ọ̀sà ní tirẹ̀ dà bí ọ̀nà márosẹ̀ tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ là. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ níbẹ̀ lè wà á lọ sí Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, ní ìwọ̀ oòrùn, ó sì lè wà á títí dé Èkó ní ìlà oòrùn. Odò Yewa náà ń ṣàn wá láti òkè kó tó dà sínú omi yìí. Ìlú tó bá jókòó sí irú oríta omi bẹ́ẹ̀, kò sí bí ọjà kò ṣe ní í wá bá a.

Àwọn Ògù ló ni ìlú náà, àwọn tí àwa Yorùbá ń pè ní Ègùn. Èdè wọn kì í ṣe Yorùbá, ìbátan èdè Fọ̀n àti èdè àwọn ará Àjàṣẹ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára káká lẹ fi máa rí ọmọ Àgbádárìgì tí kò gbọ́ Yorùbá. Ìtàn ìlú sọ pé àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Agbedeh ló ní oko níbẹ̀, pé oko Agbedeh ni àwọn ènìyàn ń pe ibẹ̀ ní èdè Ògù, kí ahọ́n Yorùbá tó sọ ọ́ di Àgbádárìgì, kí ahọ́n Òyìnbó sì tó gé e kù sí Badagry. Àdúgbò mẹ́jọ ló wà nínú ìlú àtijọ́, olóyè aláfilà funfun ló ń ṣàkóso ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, Akran tó jẹ́ ọba sì ti àdúgbò Jegba wá. Bí ilẹ̀ bá ṣú, Zangbeto ló ń ṣọ́ ìlú, eégún ọdẹ òru tí wọ́n fi ìkó hun láti orí dé ilẹ̀, tó máa ń pòòyì bí ìjì. Bí ẹ bá débẹ̀ lásìkò ọdún, ẹ má jẹ́ kó ré yín kọjá.

Ọjọ́ orí ìlú náà wá ńkọ́? Wàhálà wà níbẹ̀. Wọ́n á sọ fún yín pé nǹkan bí 1425 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó, wọ́n á sì tún sọ pé láti 1502 ni ọjà ẹrú Vlekete ti wà. Àwọn òpìtàn tó yẹ ìwé àwọn oníṣòwò Òyìnbó wò sọ ohun mìíràn: pé ogun Dàhòmì ló sọ Àgbádárìgì di ìlú ńlá. Dàhòmì kó Allada ní 1724, ó kó Whydah ní 1727, ó sì pa èbúté Jakin run ní 1732. Gbogbo ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ ogun wọ̀nyí ń sá bọ̀ ní ìlà oòrùn. Oníṣòwò ará Holland kan wà lára àwọn tó sá wá, àwọn Ògù ń pè é ní Huntokonu, orúkọ rẹ̀ ò sì tíì parẹ́ lẹ́nu àwọn àgbà ìlú títí dòní. Lójú tiwa, kò sí ìjà láàárín ìtàn méjèèjì. Oko Agbedeh lè ti wà níbẹ̀ tipẹ́, kó jẹ́ pé àwọn ìsáǹsá ogun ló wá sọ abúlé apẹja àti oníyọ̀ di èbúté. Ṣùgbọ́n 1502 yẹn, ẹ jẹ́ ká fọwọ́ lẹ́rán ná.

Ohun tó dájú ni pé kí ọ̀rúndún kejìdínlógún tó parí, Àgbádárìgì ti di ilẹ̀kùn tí ilẹ̀ Yorùbá fi ń tajà sí òkun. Ọ̀yọ́ ni ọ̀gá ọ̀nà yẹn. Láti ààfin Aláàfin, ọ̀nà gba ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, tí a ń pè ní Yewa lónìí, kọjá títí dé etí ọ̀sà, ẹrú ló sì pọ̀ jù nínú ọjà tó ń gba ibẹ̀ lọ. Nígbà tí orí ìlú náà wá gbóná jù lójú Ọ̀yọ́, ní 1784, Ọ̀yọ́ fún Dàhòmì láàyè láti lọ bá a jà. Èkó náà kó ọkọ̀ ogun tirẹ̀ wá láti ojú omi. Wọ́n fọ́ ìlú náà yángá. Àmọ́ ìlú tó bá wà létí omi kì í pẹ́ tún ara rẹ̀ ṣe, ọjà tún bẹ̀rẹ̀.

Vlekete ni wọ́n ń pe ọjà náà, orúkọ òrìṣà tó ni òkun àti afẹ́fẹ́ lọ́dọ̀ àwọn Ògù ni. Ẹ̀bá ojúbọ òrìṣà gan-an ni wọ́n ti ń ná ènìyàn. Ibẹ̀ ṣì wà fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó àwọn tí wọ́n bá ti rà lọ sí etí omi, tí wọ́n á fi ọkọ̀ gbé wọn kọjá sí Gberefu, erékùṣù oníyanrìn tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Lónìí, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì ló ń gbé àlejò kọjá, kò sì pẹ́ rárá. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn nínú yanrìn, lábẹ́ igi àgbọn, oòrùn á máa pa yín, títí ẹ ó fi dé ibi kànga kan. Wọ́n ní omi kànga yẹn ni wọ́n máa ń fún àwọn ẹrú mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé, kí wọ́n má bàa ṣagídí lójú omi. Ìrìn ṣì kù lẹ́yìn ìyẹn. Níwájú pátápátá, ẹ ó rí òpó méjì tó dúró létí òkun, kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀ àfi ìgbì. Ibi Àìpadà ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọmọ Adúláwọ̀ láti Amẹ́ríkà àti Brazil máa ń wá síbẹ̀, àwọn mìíràn kì í lè sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n á fi padà wọ ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ ká yà díẹ̀ síbi ọ̀rọ̀ Richard Lander, nítorí ìtàn rẹ̀ dùn, ó sì fi hàn bí ìlú náà ṣe rí lásìkò yẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì ni. Àgbádárìgì ni òun àti ọ̀gá rẹ̀ Clapperton gbà wọ ilẹ̀ wa ní 1825. Clapperton kú sí Sókótó, Lander nìkan ló padà dé etí ọ̀sà ní 1827. Àwọn Potogí tó ń ra ẹrú níbẹ̀ kò fẹ́ rí i sójú. Wọ́n lọ bá àwọn olóyè pé amí ọba Gẹ̀ẹ́sì ni, pé bó bá délé, yóò kó ogun wá. Ni wọ́n bá gbé àgbo májèlé fún un níwájú ojúbọ: bó bá mu ún tó kú, òótọ́ ni wọ́n sọ, bó bá yè, kò jẹ̀bi. Lander gbé e mu tán, ó rìn jáde níwájú èrò, ó délé, ó mu omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, ó bì í jáde. Ó yè. Ọmọkùnrin náà tún gba ìlú kan náà padà wọlé ní oṣù kẹta ọdún 1830, òun àti àbúrò rẹ̀ John, ìrìn-àjò yẹn ni wọ́n sì fi mọ ibi tí Odò Ọya ti ń wọ òkun. Ẹni tó gbà wọ́n lálejò ni Adéle, ọba Èkó tí wọ́n lé kúrò lórí ìtẹ́, tó wá fi Àgbádárìgì ṣe ibùgbé. Bẹ́ẹ̀ ni ìlú yìí ṣe rí: ẹni tí ilé bá lé, ibẹ̀ ló ń sá wá.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ méjì wa.

Ọ̀kan nínú wọn ni Ifárẹ̀mílẹ́kún Fágbèmí, ọmọ Ìjọgà Orílé, ní ilẹ̀ Yewa. Ọmọdé ni nígbà tí àwọn jagunjagun Dàhòmì kó o. Wọ́n tà á fún oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Abass, ọkùnrin náà sì fún un ní orúkọ tirẹ̀. Nígbà tó yá, ó bọ́ sọ́wọ́ Williams, olówò ẹrú láti Brazil, òun náà tún fi orúkọ tirẹ̀ kún un, ó mú un sọdá òkun. Ìdílé rẹ̀ sọ pé ọmọ ọ̀dọ̀ ló jẹ́ nínú ilé, kì í ṣe ẹrú oko, pé ó kọ́ èdè àwọn Òyìnbó, ó mọ̀wé kọ, ó mọ̀wé kà. Ọpọlọ rẹ̀ pé. Williams wá bá a dá májẹ̀mú: ó lè padà sílé, bó bá gbà láti máa bá a ra ẹrú ránṣẹ́. Ó gbà. Ó kọ́kọ́ gbé ní Èkó, kó tó wá fìdí kalẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ibẹ̀ ló ti di olówó, ó di olóyè Wawu ní àdúgbò Ahovikoh, ó di Séríkí àwọn Mùsùlùmí, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì tún fi í ṣe olórí lórí ìlú púpọ̀ ní Ẹ̀gbádò kó tó kú ní 1919. Orúkọ tí ìtàn mọ̀ ọ́n mọ́ ni Séríkí Williams Abass. Ẹ wo orúkọ yẹn dáadáa: Williams ọ̀gá rẹ̀ ni, Abass náà ọ̀gá rẹ̀ ni.

Ilé tó ti ń kó ènìyàn pamọ́ ni wọ́n ń pè ní Brazilian Baracoon. Yàrá 40 ló wà níbẹ̀, wọ́n sì máa ń sọ fún àlejò pé ènìyàn 40 ni wọ́n ń kó sínú yàrá kan. Ẹ wọ inú ọ̀kan wò. Fèrèsé kékeré kan báyìí, lókè fíofío. Ènìyàn mẹ́rin nìkan, ooru á mú wọn. Sàréè Séríkí fúnra rẹ̀ wà nínú ọgbà náà, àwọn ọmọ rẹ̀ ló sì ń bójú tó o. 1840 ni wọ́n kọ sára ilé náà gẹ́gẹ́ bí ọdún tí wọ́n kọ́ ọ. Ẹ ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú wa: láti 1840 dé 1919 jẹ́ ọdún 79. Bó bá ti jẹ́ géńdé olówò tó ń kọ́lé ẹrú ní 1840, á jẹ́ pé ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún tàbí ó sún mọ́ ọn kó tó kú. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ó rọrùn fún wa láti gbà pé ilé náà ti wà kó tó di tirẹ̀.

Ohun kan tún wà tí wọ́n máa ń sọ níbẹ̀ tí a fẹ́ kí ẹ rò dáadáa. Wọ́n á fi agboòrùn àtijọ́ kan hàn yín, wọ́n á ní ẹrú 40 ni wọ́n fi ń ra irú rẹ̀. Àlejò á figbe ta, àwọn mìíràn á máa ya fọ́tò. Ìtàn yìí bí wa nínú, kì í sì í ṣe torí ìdí tí ẹ rò. Ìwé àwọn oníṣòwò ìgbà yẹn fi hàn pé ẹrú wọ́n. Owó ẹyọ, ìbọn, ẹ̀tù, aṣọ, ọtí, àti ní pàtàkì jù lọ, tábà láti Bahia ní Brazil, tí wọ́n fi oje ìrèké pa lára, ni wọ́n fi ń rà wọ́n. Iye tábà tí wọ́n ń san lórí ènìyàn kan kì í ṣe kékeré, àwọn olóyè sì máa ń na ọjà náà dáadáa kí wọ́n tó gbà. Bí a bá ń sọ pé agboòrùn kan ni, ohun tí a ń sọ lábẹ́lẹ̀ ni pé wọ́n tan àwọn baba wa jẹ, pé ojú wọn fọ́, wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n mọ̀. Wọ́n mọ iye tí ọkùnrin jẹ́, wọ́n mọ iye tí obìnrin jẹ́, wọ́n mọ iye tí ọmọdé jẹ́. Ìtàn agboòrùn yẹn ń rẹ̀ wá lẹ́kún ni, ìgbà tí a bá gbé e kúrò nílẹ̀ la tó lè rí òkú tó wà nísàlẹ̀.

Ọmọ kejì ni Àjàyí, láti Òṣogùn. Ní 1821, nígbà tó tó bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ogun dé bá wọn láàárọ̀, wọ́n kó òun, ìyá rẹ̀ àtàwọn àbúrò rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kọ ìtàn náà sílẹ̀ nígbà tó dàgbà. Wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin, ẹni tó ni ẹṣin kò fẹ́ ẹ mọ́, wọ́n dá a padà. Nígbà tó yá, wọ́n tà á fún tábà àti ọtí. Ẹ̀rù àwọn Potogí bà á débi pé ó gbìyànjú láti fi ọ̀já ìdí rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn lóru, ọkàn rẹ̀ kò sì gbà á. Èkó ni wọ́n ti kó o sínú ọkọ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1822. Àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣọ́ òkun dá ọkọ̀ yẹn dúró, wọ́n sì kó gbogbo wọn lọ sí Freetown ní Sierra Leone. Ibẹ̀ ló ti kàwé, tó ti ṣèrìbọmi, tó sì di Samuel Crowther. Orúkọ Òyìnbó kún ti òun náà, ṣùgbọ́n kò fi Àjàyí sílẹ̀.

Ẹ rántí ibi tí Séríkí gbà padà sílé. Ibẹ̀ náà ni Àjàyí gbà. Láti nǹkan bí 1839 ni àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ bíi tirẹ̀, ti ń dáwó ra ọkọ̀, tí wọ́n ń gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì kí wọ́n tó gba inú igbó lọ sí Abẹ́òkúta. Àwọn ló ránṣẹ́ pe àwọn oníwàásù. Ní 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1842, Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dé pẹ̀lú William de Graft. Bàbá Freeman jẹ́ Adúláwọ̀, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Abẹ́ igi Àgíà ńlá kan ni wọ́n ti wàásù, ní oṣù Kejìlá ọdún náà sì ni wọ́n ṣe Kérésìmesì àkọ́kọ́ tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà ní etí òkun wa yìí. Henry Townsend ti CMS náà dé nínú oṣù yẹn. De Graft àti ìyàwó rẹ̀ dá ilé ìwé sílẹ̀ ní 1843. Igi Àgíà wó lulẹ̀ ní 1959, ọwọ̀n ìrántí ló wà níbi tó dúró sí báyìí.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí olùkọ́ yín béèrè náà nìyí: wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1842, wọ́n parí rẹ̀ ní 1845. Ẹni tó ṣe kòkárí rẹ̀ jù ni Gollmer, ọmọ Jámánì láti Württemberg tó ń ṣiṣẹ́ fún CMS. Bí ẹ bá ń retí ààfin, á yà yín lẹ́nu. Ilé oníwọ̀nba ni, onípáànù, onípákó, ó kọjú sí ọ̀sà, kànga àtijọ́ kan sì wà nínú àgbàlá. Oṣù kìíní 1845 ni Crowther, Gollmer àti Townsend jọ dé sí Àgbádárìgì, wọ́n ń lọ sí Abẹ́òkúta. Gẹ́rẹ́ tí wọ́n dé ni ìròyìn dé pé Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá tó ń retí wọn, ti kú. Ogun sì wà lójú ọ̀nà. Ọdún kan àtààbọ̀ ni wọ́n fi há síbẹ̀.

Inú híhá yẹn ni a ti rí èrè. Crowther ń wàásù ní Yorùbá, ó ń kó ọ̀rọ̀ jọ, ó sì ń túmọ̀ Bíbélì. Ẹ̀tọ́ la ní láti dúró díẹ̀ síbí, nítorí èdè tí a fi ń kọ àpilẹ̀kọ yìí, bí a ṣe ń to lẹ́tà rẹ̀, ọwọ́ Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Ìlú Ògù ni iṣẹ́ ńlá yẹn ti wáyé, kì í ṣe ìlú Yorùbá. Nígbà tí wọ́n dé Abẹ́òkúta ní oṣù kẹjọ 1846, Crowther rí ìyá rẹ̀ Afálà, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Wọ́n di ara wọn mú, wọn kò lè sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí omijé yẹn mú wa gbàgbé Marina. Ní gbogbo oṣù tí Crowther fi ń kọ̀wé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, òwò ẹrú kò tíì kúrò nílẹ̀ ní Àgbádárìgì. Omi kan náà tí àwọn Sàró gbà wọlé ni wọ́n ń kó àwọn mìíràn gbà jáde. Ẹni tó bá rìn láti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ sí Baracoon lónìí, òógùn rẹ̀ kò ní í tíì gbẹ tí á fi débẹ̀. A máa ń fi àwọn ibi méjì yìí hàn bíi pé ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, pé òkùnkùn kọ́kọ́ wà, ìmọ́lẹ̀ wá dé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Aládùúgbò ni wọ́n.

Ọ̀rọ̀ Èkó ló padà kó bá ìlú náà. Kòsọ́kọ́ lé Akíntóyè kúrò lórí oyè ní 1845, Akíntóyè sì wá fi Àgbádárìgì ṣe ibi ìsádi, bí Adéle ti ṣe ṣáájú rẹ̀. Ìlú pín sí méjì, àwọn kan gbè sẹ́yìn Kòsọ́kọ́, àwọn kan sẹ́yìn Akíntóyè. Ní oṣù kẹfà 1851, ìjà bẹ́, iná sì jó apá tó pọ̀ nínú ìlú. Oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, wọ́n dá Akíntóyè padà sórí oyè. Ní 1852, àwọn olóyè Àgbádárìgì fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò ta ẹrú mọ́. Ọdún yẹn kan náà ni Gollmer kó ẹrù rẹ̀, ó di Èkó. Àwọn oníṣòwò tẹ̀lé e. Èkó ní ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà láti òkun wọ inú ọ̀sà, Àgbádárìgì kò ní. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú náà ní 1863, ilé tí wọ́n kọ́ fún òṣìṣẹ́ wọn lọ́dún náà ló di musíọ̀mù lónìí.

Epo pupa àti èkùrọ́ ló wá gbapò ẹrú. Èyí tó pọ̀ nínú èkùrọ́ tó ń gba Èkó jáde, Hamburg ló ń lọ, ìlú ńlá létí odò Elbe ní Jámánì, níbi tí wọ́n ti ń fún òróró rẹ̀, tí wọ́n sì ń fi pàǹtí rẹ̀ bọ́ màlúù. Hamburg náà, omi ló sọ ọ́ di olówó, bíi ti Àgbádárìgì. Àmọ́ ẹni tó bá lọ síbẹ̀ lónìí á rí i pé wọ́n sọ àwọn ilé ìkẹ́rù àtijọ́ etí odò wọn di ibi ìgbafẹ́, ọkọ̀ ń gbé àlejò kiri tọ̀sán tòru. Tiwa ńkọ́? Ní 2009, ìròyìn jáde pé Marlon Jackson, ọ̀kan nínú àwọn Jackson Five, wà lára àwọn tó fẹ́ kọ́ ibi ìgbafẹ́ ńlá sí Àgbádárìgì: ìrántí òwò ẹrú, hòtẹ́ẹ̀lì, pápá gọ́ọ̀fù, àti musíọ̀mù orin Jackson Five, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ $3.4 bílíọ̀nù. Àwọn kan bínú pé báwo lèèyàn ṣe lè máa gbá gọ́ọ̀fù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti so ènìyàn mọ́lẹ̀. Àwa náà wà lára àwọn tí inú wọn kò dùn sí i. Ṣùgbọ́n a kò lè purọ́, ọmọ Àgbádárìgì tó ń wá iṣẹ́ lè ní èrò mìíràn. Kò sí èyí tí wọ́n kọ́ nínú rẹ̀.

Ọ̀nà gan-an ni ìṣòro àkọ́kọ́. Láti Mile 2 gba Okokomaiko títí dé Àgbádárìgì, ọ̀pọ̀ ọdún ni ọ̀nà márosẹ̀ yẹn fi bàjẹ́. Ìgbà mìíràn, ìrìn tí kò yẹ kó ju wákàtí kan àtààbọ̀ lọ á gba ìdajì ọjọ́. Rélùwéè aláwọ̀ búlúù tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹsàn-án 2023 kò tíì kọjá Mile 2 nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá máa lọ, ẹ tètè jí, ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ mú owó lọ́wọ́, ẹ má sì gbára lé fóònù nìkan. Ẹ wọ bàtà tó ṣeé rìn nínú yanrìn. Ẹ ra àgbọn tútù ní Gberefu, ẹni tó ń tà á á gé e fún yín lójú ẹsẹ̀.

Ibi tí a ní kí ẹ kẹ́yìn sí ni ilé àwọn Mobee, ní àdúgbò Boekoh. Ilé kékeré ni, kò fani lójú mọ́ra láti ìta. Ìdílé náà sọ pé baba ńlá wọn fún àwọn Òyìnbó ní obì nígbà tí wọ́n dé, pé ọ̀rọ̀ tó sọ ní èdè Ògù láti fi obì náà lọ̀ wọ́n ni wọ́n sọ di orúkọ rẹ̀. Ó bá wọn ṣòwò ẹrú. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí ẹ ó bá níbẹ̀, àwọn ojúlówó ni, èyí tí wọ́n ń so mọ́ ẹsẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi sọ́rùn, àti irin tí wọ́n ń fi dí ènìyàn lẹ́nu kó má bàa lè jẹ ìrèké nínú oko. Wọ́n lè gbé e fún yín kí ẹ fi ọwọ́ ara yín gbé e wò, kí ẹ mọ bó ṣe wúwo tó. Ìdílé púpọ̀ ló wà ní etí òkun yìí, láti Àgbádárìgì títí dé Èkó àti Àjàṣẹ́, tí baba ńlá wọn ṣe irú òwò yìí, tí wọ́n ti ri irin tiwọn mọ́lẹ̀ tàbí tí wọ́n ti tà á fún alágbẹ̀dẹ. Àwọn Mobee kò ta tiwọn. Àwọn ọmọ ilé náà ló ń ṣílẹ̀kùn fún àlejò, àwọn ló sì ń sọ ohun tí baba wọn ṣe fún wọn.